Wáyà Tí Mùsáfírù Yàn

"Kó jẹ́wọ́ kó tó kú!"

Hàfísátù ló ń pariwo níwájú tẹ̀ṣàn rélùwéè Ifọ̀, igi ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀. Sàlàkọ́ wà nílẹ̀ láàárín èrò, ẹnu rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Wáyà bàbà tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti olè lásán. Wáyà tí tẹ̀ṣàn Àgbàdo fi ń ránṣẹ́ sí Ifọ̀ ni Sàlàkọ́ gé. Nígbà tí kò sí wáyà mọ́, kò sẹ́ni tó lè kìlọ̀ fún àwọn tó ń tún ojú irin ṣe pé ọkọ̀ ẹrù ń bọ̀. Ọkọ̀ náà já lù wọ́n ní kọ́nà, ó tẹ Hàkímù tó wà lára wọn pa, ọmọ kan ṣoṣo tí Hàfísátù bí. Àná ni wọ́n sin ín.

Ibẹ̀ ni Mùsáfírù bá wọn, àpò irinṣẹ́ léjìká. Òun ló ń fa wáyà asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí rédíò ara ògiri, láti ilé dé ilé n'Ífọ̀. Bó ti rí wáyà yẹn ló dá a mọ̀. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń rà l'Ékòó kì í gbé ohùn jìnnà. Kó tó dé ilé kẹta, ìròyìn á ti di híhó lásán. Bàbà tó nípọn tí Sàlàkọ́ mú wá ló gbé ohùn dé òpin àdúgbò, kedere. Lọ́jọ́ náà, Mùsáfírù sọ fún un pé, "Irú eléyìí ni kóo máa mú wá." Ọkùnrin tó máa ń bi alákàrà bóyá epo àná ló fi dín in, kò bi Sàlàkọ́ níbi tó ti rí wáyà.

Níbẹ̀, ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń lu olè gbọ́dọ̀ lu tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á ní wọ́n jọ ń jalè ni. Lásúnkànmí alápatà ki kóńdó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lu tiyín!"

Sàlàkọ́ gbójú sókè. Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀. Mùsáfírù gbé kóńdó sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Eegun dún. Èrò hó yèè, ojú sì ti Mùsáfírù.

"Ta ló ń rà á lọ́wọ́ ẹ?" Hàfísátù bi Sàlàkọ́. "Dárúkọ ẹ̀, ká dáná sun ẹ̀yin méjèèjì pọ̀!"

Lásúnkànmí ti ń da kẹrosíìnì sí i lára. Sàlàkọ́ gbójú kúrò lára Mùsáfírù.

Mùsáfírù ju kóńdó nù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú kẹrosíìnì náà.

"Ìyá Hàkímù, èmi ni. Èmi ni mo ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wà lára ògiri tiyín náà."

Hàfísátù yíjú sí i.

"Èyí tí Hàkímù fi ń gbọ́ ìròyìn?"

"Òun náà ni, Ìyá."

 Hàfísátù gbé igi ìdáná sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mùsáfírù rá lọ bo Sàlàkọ́ mọ́lẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí igi náà.