Èènì Àǹtí Kou

Kí bàbá Ulyana tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Belarus ló ti pinnu pé òun máa mú ọmọ òun padà sílé. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ méjì ló wà lápò rẹ̀. Ìyá Ulyana ló ti kó sí i lórí pé ọmọ ti rù, pé ata Chengdu, ní Ṣáínà tó ti ń kàwé, á pa á, pé kò sẹ́ni tó máa fún un ní nǹkan gidi jẹ.

Èmi Stefa, èmi àti Ulyana la jọ ń gbé yàrá kan náà nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ìlú kan náà la ti wá, ọdún karùn-ún mi sì nìyí níbí. Inú ti ń bí mi sí bàbá yìí kí n tó rí i. Ta ló sọ fún un pé ebi ń pa wá? Ẹni tó bá rí Ulyana nídìí ààrò, bó ṣe ń fi ata àti ẹ̀wà kíkan tí wọ́n fi ń sebẹ̀ níbí dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ títí gbogbo àjà kẹta á fi máa sín, á mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ náà ti dáńtọ́. Àwọn ọmọ Chengdu gan-an máa ń wá tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò.

"Jẹ́ ká mú wọn lọ sọ́jà," ni mo sọ fún un. "Wọ́n á fojú ara wọn rí i."

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Àǹtí Kou tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọjà ti rí wa lókèèrè.

"Arẹwà! Ṣé bàbá ẹ nìyí? Arẹwà ọkùnrin, ẹ káàbọ̀ o!"

Gbogbo obìnrin ni wọ́n ń pè ní arẹwà níbí, títí kan ìyá arúgbó tí eyín ti ká tán. Ulyana ra ìgbá àti ànàmọ́. Àǹtí Kou wọ̀n wọ́n, ó ki ìdì àlùbọ́sà eléwé bọ inú ọ̀rá náà, ó sì fi ata méjì àti atalẹ̀ lé e nítorí àlejò. Kò gba ohunkóhun lórí wọn.

Ojú bàbá pọ́n. Ó yọ owó, Àǹtí Kou tì í padà. Ó tún nà án, ìyẹn ki owó náà bọ̀ ọ́ lápò, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a délé, bàbá ò tiẹ̀ jókòó.

"Ulyana, ṣé ohun tó o wá ń ṣe níbí nìyí? Ohun táwọn èèyàn bá ta ẹ́ lọ́rẹ lo ń jẹ?"

"Dádì, èènì ni. Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fún."

"Irọ́! Ta ló ń fi ọjà ẹ̀ tọrẹ lásán? Obìnrin yẹn rí i pé o rù, àánú ẹ ló ṣe é. Máa di ẹrù ẹ. Ìdílé wa ò ṣagbe rí."

Ulyana sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọdún méjì péré ló kù kó di dókítà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Ulyana wà ní kíláàsì, bàbá kan ilẹ̀kùn yàrá wa. Àlùbọ́sà yẹn ló gbé dání.

"Wá bá mi ṣe ògbufọ̀. Mo fẹ́ dá a padà fún un."

Ó ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín, ó ṣe mí bíi kí n bú u. Mo wọ bàtà mi.

Ìyá àgbà kan ti ṣáájú wa débẹ̀, ó na ọ̀rá rẹ̀ sókè.

"Kou! Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni? Àlùbọ́sà mi dà?"

"Mo ti fi síbẹ̀, Màmá."

"Èyí? Ṣé kí n fi tayín ni? Fi kún un jàre!"

"Ẹ kúkú kó gbogbo ìsọ̀ lọ, kí n lè lọ sùn!" Àǹtí Kou ń kùn, àmọ́ ó fi kún un.

Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e wọ kóòtù olówó gọbọi. Òun náà na ọ̀rá, wọ́n fún un, kò tiẹ̀ dúpẹ́. Bàbá ń wò. Ó bi mí pé kí ni ìyá àgbà yẹn sọ, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

Kó tó kàn wá, Àǹtí Kou ti rí ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá. Ó pàtẹ́wọ́.

"Yéè! Ó ti rọ? Ẹ má bínú o, arẹwà ọkùnrin!" Ó gba àlùbọ́sà náà, ó jù ú sẹ́yìn, ó sì ki ìdì tútù tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Stefa, sọ fún wọn pé ọmọ wọn ò jẹ́ kí n gbádùn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, mi ò kí ń fún un. Mo ní òyìnbó ni, kí ló fẹ́ fi ṣe? Àfìgbà tó dúró gbagidi síwájú mi lọ́jọ́ kan, tí gbogbo ọjà ń wò ó: 'Àǹtí, ẹ fún ẹni tó ṣáájú mi. Tèmi dà?' Ojú tì mí! Látìgbà yẹn, tí ìdì ẹ̀ bá ti kéré, ariwo ti dé nìyẹn."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá wò mí bíi pé irọ́ ni mò ń pa.

"Ulyana? Ulyana tèmi? Tí kò lè ní kí ìyá ẹ̀ na iyọ̀ sóun lórí tábìlì?"

"Òun náà ni, Bàbá."

Ó dúró láàárín ọjà, omi àlùbọ́sà ń kán sórí bàtà rẹ̀. Ó rọra gbá ìdì náà mọ́ra, mi ò sì bínú sí i mọ́. Ló bá yọ fóònù, ó pe ìyá Ulyana, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn.

"Má wulẹ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ o. Èmi nìkan ni mò ń bọ̀." Ó fetí sílẹ̀ díẹ̀. "Rárá, kò ṣàìsàn. Ó ń bá wọn jà lọ́jà! Ṣé o gbọ́ mi? Ọmọ wa ń bá wọn jà lọ́jà!"