Ẹni Àkọ́kọ́ Tó Ra Ọkọ̀ Pupa

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá jókòó jìnnà kò ní gbọ́ ibi tó dùn, ẹni tó bá sì fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán báyìí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pupa kan ni mo fẹ́ sọ. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu láti sọ, bó tilẹ̀ korò nínú.

“Ta ló ti rà á?”

Ohun tí Ọlọ́dà kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn, kò tíì jókòó. Agbaṣẹ́ṣe ni, òun ló ń da ọ̀dà sí títì káàkiri ìlú. Ohun tó bá rà lónìí, àwọn olówó yòókù á rà á lọ́la. Ó rọra yí ọkọ̀ náà po. Ọkọ̀ eré ìje ni, ó pupa bí ogbe orí àkùkọ, ó sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku. Jàpáàn ló ti wá.

“Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, sà,” ni Onídígí dáhùn. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ògiri ṣọ́ọ̀bù náà tó jẹ́ dígí látòkè délẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́dà rẹ́rìn-ín. “Orí mi kọ́ ni wọ́n máa ti kọ́ fífá irun. Ọmọ ìyá kan náà ni eléyìí àti táksí tó gbé ìyá mi lọ sọ́sibítù lánàá. Ọkọ̀ Jámánì wà ní òdìkejì títì níbẹ̀ yẹn, iye kan náà ni wọ́n ń tà á. Bí mo bá gbé ti Jámánì dé òde, wọ́n á ti ṣí géètì kí n tó fọn fèrè. Bí mo bá gbé tìrẹ yìí dé, wọ́n á ní, ‘Ó ku èrò mélòó?’”

“Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde, sà. Kò sí èyí tó lè lé e bá ní òdìkejì yẹn.”

“Mo mọ̀ pé ó ń sáré. Ehoro náà ń sáré. Ta ló ti rà á?”

Onídígí ń fọwọ́ nu ara ọkọ̀ náà. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló tà tó fi kó mẹ́ta irú ọkọ̀ náà wọ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ra àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀bù ti parẹ́ nìyẹn, ilé á sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tó délé, àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà nídìí maṣíìnì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Télọ̀ ni, kì í ránṣọ láìkọrin:

Abẹ́rẹ́ á lọ, òwú á tẹ̀ lé e,
Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.
Ibi abẹ́rẹ́ bá yà sí, òwú á yà síbẹ̀,
Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.

Onídígí dúró, ó ń wò ó. Ó ga, ara rẹ̀ ń dán, kóòtù funfun tó rán fúnra rẹ̀ sì bá a mu régí.

“Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé o jọ olówó?”

“Jíjọ yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n.”

“Máa bá mi gbé ọkọ̀ pupa yẹn káàkiri ìlú. Kí wọ́n ṣáà rí i lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, rẹ́rìn-ín.”

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. “Bàbá ọmọ mi, aṣọ àyálò kì í yẹni. Ẹ fi ọmọ ìyá mi sílẹ̀ nídìí maṣíìnì rẹ̀.”

“Ìgbà díẹ̀ ni.”

Ẹ wá wo télọ̀. Ó na apá kan síta fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ilé epo, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń bèèrè àlàáfíà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọlọ́dà. Ó dé etí àwọn mìíràn náà.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dá a lọ́nà níwájú ilé epo yẹn. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n mú àdá dání.

“Kọ́kọ́rọ́ dà?”

“Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe tèmi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tú ọwọ́. Wọ́n tún fà á. Ìgbà tí wọ́n ṣá a ládàá lọ́wọ́ ọ̀tún ni kọ́kọ́rọ́ tó bọ́, àwọn èèyàn sì ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú igi àti òkúta. Àwọn olè sá lọ. Ọkọ̀ kò ní àpá kankan lára.

Àwọn dókítà kò rí ọwọ́ náà tò, wọ́n gé e kúrò. Ní ọsibítù, ìyàwó Onídígí ò pariwo.

“Ẹni tó bá ni ọkọ̀ ì bá ti ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó wọ táksí lọ sílé,” ló wí. “Torí pé kì í ṣe tirẹ̀ ló ṣe dì í mú.”

Onídígí tẹjú mọ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ọlọ́dà fi wọ ṣọ́ọ̀bù wá. “Mo gbọ́ pé àwọn olè fẹ́ gbà á.” Inú rẹ̀ ń dùn. “Àwọn ọmọ yẹn kì í fọwọ́ kan nǹkan yẹpẹrẹ. Ti Jámánì nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ń jà gbà. Tìrẹ náà ti wẹgbẹ́. Gbé kọ́kọ́rọ́ wá.”

Wọ́n ti fọ kọ́kọ́rọ́ náà. Onídígí gbé e fún un.

Ọlọ́dà pe àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní dandan ni kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu nítorí ọkọ̀ náà. Wọ́n to tábìlì sínú ṣọ́ọ̀bù, ìrẹsì ń rú èéfín, ẹran kún àwo. Télọ̀ wá, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ kan ká apá kóòtù rẹ̀ sókè. Ó ń fi ọwọ́ òsì lé ẹran kiri inú àwo, ẹran ń sá fún un.

“Onídígí!” Olówó kan pè é láti ìdí ọkọ̀ kejì. “Wá ká sọ̀rọ̀. Ṣé mo lè mú eléyìí?”

Onídígí dìde. Ó gba iwájú olówó náà kọjá, ó lọ jókòó ti télọ̀, ó gé ẹran, ó sì na ṣíbí sí i lẹ́nu.

“Ẹ lọ dá wọn lóhùn, ẹ̀gbọ́n,” ni télọ̀ wí. “Ọjà ti ń tà.”

“Yanu.”

Olówó tún pè. Onídígí kò wẹ̀yìn. “Ẹ sọ fún un pé à ń jẹun lọ́wọ́.”

Ìyàwó rẹ̀ kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọsibítù. Ó wò wọ́n, ó sì ti ife omi kan sún mọ́ ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Gbogbo wọn yó lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sẹ́ni tí ebi bá délé. Ọlọ́dà ló kọ́kọ́ jáde nínú ọkọ̀ pupa. Àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e bí òwú, olúkúlùkù ń fọwọ́ ra ikùn, wọ́n ń lọ sílé jẹ́jẹ́.