Ìbọn Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Orúkọ Làtífátù Rà

Láti Austell títí dé Marietta, Bọ̀ọ̀dá Nurain kò yé kọ́ Làtífátù ní ohun tó máa sọ.

"Ìyàwó wa, tún un wí kí n gbọ́."

Làtífátù tún un wí. Kò gbé ojú kúrò lójú ọ̀nà. "Mo fẹ́ máa fi yin target, mo sì fẹ́ máa fi ṣọ́ ilé mi."

"Ó dáa. Tí wọ́n bá wá bi ẹ́ nípa mi ńkọ́?"

"Màá ní ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín, pé ẹ kàn sìn mí wá ni."

Bọ̀ọ̀dá mi orí, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ Làtífátù lọ́rùn rárá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti làágùn mọ́ sítíárì.

Kì í kúkú ṣe pé Bọ̀ọ̀dá jẹ́ èèyàn burúkú. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, lọ́sàn-án gangan, ọkùnrin méjì já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Union City wọlé nígbà tó wà níbi iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Àǹtí Hajarah, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló wà nílé. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ilé òun kiri títí wọ́n fi lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti rí oorun sùn. Bọ̀ọ̀dá búra pé ìbọn ni òun máa rà. Ṣùgbọ́n físà rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, òfin ò sì gba irú rẹ̀ láyè kó fọwọ́ kan ìbọn. Nínú gbogbo ẹbí tó wà ní Atlanta, Làtífátù nìkan ló ní green card, ìwé ìgbélùú tó lè fi ra ìbọn lábẹ́ òfin.

Nọ́ọ̀sì ni Làtífátù. Ó mọ ohun tí irọ́ lórí ìwé ìjọba máa ń fà. Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lè gba green card, wọ́n sì lè tì í mọ́lé. Ó sọ fún Ilyas ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ilyas fọwọ́ gbá orí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá ló gbà wá sílé nígbà tá a dé. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún wọn pé rárá?" Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹbí máa ń rí o: àwọn ọkùnrin á jọ dákẹ́ lé e lórí, obìnrin ni yóò wá lọ tọwọ́ bọ ìwé.

Inú ilé ìtajà ìbọn tí wọ́n wọ̀ ní Marietta tutù. Lẹ́yìn ògiri ni àwọn èèyàn ti ń yin target, pá, pá, gbogbo ìgbà tó bá sì dún ni èjìká Làtífátù ń fò. Obìnrin àgbàlagbà kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn jáde sí wọn. Ó ní Clara ni òun ń jẹ́, kí ni òun lè ṣe fún wọn?

Làtífátù ka àkọ́sórí rẹ̀. Clara ní tó bá jẹ́ fún nǹkan méjèèjì, rifọ́fà ni òun máa ní kó mú, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bírí, torí kò ní wàhálà púpọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ṣí ilé ọta gbogbo wọn wò pé ó ṣófo, ó sì tò mẹ́ta sílẹ̀.

"Kékeré yìí fúyẹ́, ṣùgbọ́n á máa ta ọ́ lọ́wọ́ gan-an tó o bá yìn ín. Ẹlẹ́nu gígùn yìí dára fún target, àmọ́ ó wúwo, kò sì rọrùn láti yí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tó wà láàárín ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń mú. Dì í mú kí o wò ó."

Ó gbé kékeré lé Làtífátù lọ́wọ́. Làtífátù gbà á. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì tó fi yí sí Bọ̀ọ̀dá, tó tẹ orúnkún díẹ̀, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìbọn náà fún un.

Ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá tó ti wọ ilé ọkọ nìyẹn. Ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe ẹran, kódà ọmọ tuntun tó ń ti ọsíbítù bọ̀, ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo nǹkan máa ń kọ́kọ́ dé nínú ẹbí náà.

Clara ń wo gbogbo ohun tí Làtífátù ń ṣe. Ó gbé ẹlẹ́nu gígùn fún un. Làtífátù tún tẹ orúnkún, ó tún gbé e fún Bọ̀ọ̀dá. Ìgbà tó kan ẹ̀kẹta, Bọ̀ọ̀dá gbé e sókè, ó di ojú kan, ó wo ọ̀ọ́kán.

"Èyí," ó sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Èyí ni mo fẹ́," Làtífátù sọ fún Clara.

"Ṣé ó bá ọ lọ́wọ́ mu?"

Làtífátù wo ojú Bọ̀ọ̀dá. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé àṣírí ti tú.

Clara gba rifọ́fà náà padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù kan jáde, ó fi ìka lé ìbéèrè kan. Ṣé ìwọ gan-an lò ń ra ìbọn yìí, kì í ṣe pé ẹlòmíràn lo fẹ́ rà á fún?

"Kà á lẹ́ẹ̀mejì kí o tó mú bírò," ó ní. "Tó bá jẹ́ irọ́, ìwọ ni wọ́n máa wá mú."

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín sí Clara bí ẹni tó ń kí i, ṣùgbọ́n Làtífátù ló ń bá wí. "Kọ yes, ìyàwó wa. Rántí Àǹtí ẹ tó wà nílé tó ń gbọ̀n."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Àǹtí Hajarah ló wẹ ọmọ rẹ̀ àkọ́bí fún ogójì ọjọ́ gbáko. Ó fẹ́ràn obìnrin náà bí ẹni fẹ́ràn ìyá. Ó mú bírò. Ẹnu bírò kan ìwé, ó ṣe àmì dúdú tíńtín kan síbẹ̀. Ó rí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kàn, ó rí àwọn ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà.

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Kì í ṣe tèmi," ó sọ ọ́ lédè Òyìnbó, ketekete.

Clara fa fọ́ọ̀mù náà ya. Ó kó àwọn ìbọn padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì tì wọ́n pa. Làtífátù kúnlẹ̀ sórí táìlì níbẹ̀, níṣojú gbogbo èèyàn. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Bọ̀ọ̀dá ló rí, ó ti ń jáde lọ.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Bọ̀ọ̀dá jókòó sí, bí ẹni tó wọ takisí. Làtífátù bẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi dé Union City, ìta ni Bọ̀ọ̀dá ń wò.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tuntun ni Àǹtí Hajarah ṣí kó tó yọ ojú. Ó ti rù, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ rí i rà?"

"Bi Làtífátù," ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì rẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá ò ti pe orúkọ yẹn rí. Ìyàwó wa ló ń pè é. Omijé bọ́ lójú Làtífátù, kò nù ún.

"Mi ò lè parọ́ fún wọn, Àǹtí mi. Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Shift alẹ́ ni mò ń ṣe, mo máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Ẹ ò ní dá wà mọ́."

"Ta ló ní kó kúrò nílé mi?" Bọ̀ọ̀dá bú sí i.

Àǹtí Hajarah na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa báàgì kan jáde. Báàgì náà ti kún, síìpù rẹ̀ sì ti wà ní pípa.

"Láti ọjọ́ kejì tí àwọn olè wọlé ni mo ti dì í," ó ní. "Ẹ ò bi mí."

Bọ̀ọ̀dá na ọwọ́ láti gba báàgì náà. Ìyàwó rẹ̀ gbé e kọjá níwájú rẹ̀, ó sì gbé e lé Làtífátù lọ́wọ́.