Òwìwí Inú Àjà Ilé Adégbìtẹ́

Ìṣó keje ni Gbádérọ̀ káfíńtà ń yọ lára pákó àjà nígbà tí eruku dà sí i lójú. Ó nu ojú, ó ti orí bọ inú òkùnkùn òkè náà, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì. Òwìwí náà wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Apá rẹ̀ òsì ti há sínú nẹ́ẹ̀tì onírin tó wà létí òrùlé, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ìyẹ́ funfun.

Nẹ́ẹ̀tì náà ni Gbádérọ̀ kọ́kọ́ dá mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án ní ọjọ́ Túsìdeè, kí àdán má baà máa wọlé mọ́. Bàbá Adégbìtẹ́, onílé, ló ń kán an lójú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun náà sì gbà láti kánjú. Kò wo inú àjà kó tó dí gbogbo ẹnu rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni wíwò náà ì bá gbà. Ẹyẹ tó ń sùn lọ́sàn-án ló tì mọ́lé.

Ó ti di Sátidé báyìí, ní ọdún 1984, ní Agbowó. Láti òru Túsìdeè tí ẹyẹ náà ti ń han lókè yàrá Ìyá Àrìnpé ni àwọn ayálégbé ti ní àlàyé tiwọn. Nígbà tí ara ọmọ Wùnmí, tíṣà tó ń gbé yàrá tó dojú kọ ti màmá náà, gbóná ní Ọjọ́bọ̀, wọn ò wá ẹ̀rí mìíràn mọ́. Onílé ní kí Ìyá Àrìnpé kẹ́rù jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọdún mọ́kànlá ni màmá náà ti gbé ibẹ̀. Wọ́n ní kí Gbádérọ̀ pa ẹyẹ náà, kó jù ú sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n fi kẹrosíìnì sun ún.

“Káfíńtà,” Mùkáílà télọ̀ pè é láti ìsàlẹ̀, “bó o bá ti mú un, bi í kó dárúkọ ẹgbẹ́ ẹ̀ tó kù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbádérọ̀ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bo ẹyẹ náà kí òkùnkùn lè mú un dákẹ́, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú pọ̀. Ó fi ẹ̀mú gé wáyà nẹ́ẹ̀tì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èékánná ẹyẹ náà wọ̀ ọ́ ní àtàǹpàkò, ó fara dà á. Ó na apá náà wò. Egungun kò ṣẹ́, awọ nìkan ló ya. Ó gbé e sínú páálí mílíìkì kan tó ti fi ìṣó lu ní ihò, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn sún sẹ́yìn, àfi Ìyá Àrìnpé tó ń di ẹní rẹ̀.

“Bàbá,” ni Gbádérọ̀ wí fún onílé, “èmi ni mo ti ẹyẹ yìí mọ́lé. Mi ò wo inú àjà kí n tó kan nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà àtijáde ló ń wá.”

“Yàrá mẹ́jọ ló wà nílé yìí. Kí ló dé tó fi jẹ́ orí yàrá màmá yìí ló lọ?”

“Orí tiwọn nìkan ni pákó etí òrùlé ti jẹrà. Ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Egungun èkúté ló kún òkè yẹn, Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá yín pa èkúté.”

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa pákó náà. Òjò ọdún méjì ti gba ibẹ̀ wọlé, Ìyá Àrìnpé sì ti wí títí ó ti sú u. Gbádérọ̀ yíjú sí Wùnmí, ó bi í ohun tí wọ́n sọ ní kílíníìkì. Wùnmí ń wo ilẹ̀. Ó ní èéyi ni wọ́n pè é, pé ọmọ mẹ́ta ló tún ní in ní ilé ẹ̀kọ́ òun.

Onílé wúkọ́. Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ òun ti ṣèlérí yàrá náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì méjì, ẹrù wọn ń bọ̀ lọ́la.

“Nígbà náà, kì í ṣe nítorí ẹyẹ.”

“Ṣe iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ pè ọ́.”

Ìyá Àrìnpé so okùn ẹní náà tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Fi wọ́n sílẹ̀, Gbádérọ̀ ọmọ mi. Ọmọ tó ń ṣàìsàn yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ní kí n dúró, ta ló tún máa gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ nílé yìí?”

Wùnmí wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí Àrìnpé fi gbé takisí dé láti Òkè Àdó. Òun àti Gbádérọ̀ ni wọ́n jọ kó ẹrù náà sí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Gbádérọ̀ jókòó ti páálí náà títí oòrùn fi wọ̀, nítorí bí ẹyẹ náà bá jáde lójú ọ̀sán, òkúta ni wọn yóò fi pa á. Nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀, ó gbé e gun àkàbà lẹ́yìnkùlé, ó ṣí páálí. Òwìwí náà dúró létí rẹ̀, ó gbọn ìyẹ́, ó fò wọ́ọ́rọ́wọ́ kọjá ògiri lọ sí inú igbó. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fò.

Gbádérọ̀ padà sókè. Ó tan tọ́ọ̀ṣì yí gbogbo igun àjà ká, kò rí ohun ẹlẹ́mìí kankan. Ó pààrọ̀ pákó tó jẹrà, ó kan nẹ́ẹ̀tì, ó dá pákó àjà padà. Bàbá Adégbìtẹ́ pè é pé kó wá mu omi. Ó gbé àkàbà lé èjìká, ó sì bọ́ sí títì.