Ọwọ́ Àbẹ́là

"Bàbá Jésùtọ́pẹ́, àbẹ́là lẹ tún ń kán yìí o."

Ọlọ́runṣògo, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù rédíò ní Ore, kò pariwo nígbà tó sọ ọ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀ ni, olùkọ́ tó gbé rédíò wá fún àtúnṣe sì bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín olùkọ́ yẹn ló wọ Abraham, bàbá Jésùtọ́pẹ́, lára. Ó fi irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀ létí ìkòkò ẹyín iná, ó sì wolẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò bi ọ̀gá rẹ̀ ní ìbéèrè kankan mọ́.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Odigbo kò ní jẹ́ kí èyí ya òun lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan bú u lójú àna rẹ̀ nígbà kan. Ìgbà tí Abraham yóò tún bá a sọ̀rọ̀, inú pósí ni ẹ̀gbọ́n náà wà.

Iṣẹ́ rédíò kọ́ ló wù ú. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ore ló ti ń jẹun tẹ́lẹ̀, nígbà tí owó epo gbòde, tí gbogbo ayé ń kọ́lé, tí pákó kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìtì igi kan ló yí lu ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Egungun náà so, ṣùgbọ́n kò lè dúró lórí rẹ̀ pẹ́ mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé yóò máa rìn lọ sí oko kòkó ní Omifunfun. Iṣẹ́ àjókòóṣe ló kù fún un. Joanna, ìyàwó rẹ̀, ló lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọlọ́runṣògo. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọkọ rẹ̀ ju òun lọ jìnnà. Báwo lòun ṣe fẹ́ bá a wí bó bá ṣe iṣẹ́ tì? Joanna ní ọkọ òun kì í bínú sí ìbáwí. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ kò pọ̀. Wọ́n á ha ara wáyà títí yóò fi mọ́. Wọ́n á ti irin olórí bàbà bọ inú ẹyín iná, wọ́n á gbé e ti wáyà títí wáyà fúnra rẹ̀ yóò fi gbóná. Ìgbà náà ni wọ́n á fi òjé kan wáyà, òjé á yọ́, wáyà á sì mu ún bí ilẹ̀ ṣe ń mu òjò. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni Abraham ti ń tọ́jú àbẹ́là ní ilé àdúrà wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí àbẹ́là dúró, ṣe ni yóò kán ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì tẹ ìdí àbẹ́là mọ́ ọn kí ó tó dì. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ó ń yọ́ òjé sórí irin, ó ń kán an lé wáyà tútù, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Òjé náà á dì róbótó, á máa dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí èyí tó tún lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣebí gbogbo rédíò tó fi òjé jó ní ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé àdúrà yọnu nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, Abraham ní kí wọ́n má wulẹ̀ gbé e lọ sí Ore. Ó fẹ́ kí Ọlọ́runṣògo gbọ́ nípa rẹ̀ láti ẹnu ẹlòmíràn. Ó gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, ó wá àwọn wáyà tó já, ó kán òjé lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, Wòlíì Rufus ké halelúyà sí i, ohùn náà sì gba gbogbo àdúgbò kan. Joanna ń wo ọkọ rẹ̀ bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ ìkórè, òun ló kọ́kọ́ jáde fún ìdúpẹ́. Ó di máíkì mú gírígírí.

"Ẹ bá mi yin Olúwa," ni ó wí. "Wọ́n ní ọkọ mi ti di ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún. Wọ́n ní kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láyé. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn mi yìí, ọwọ́ ọkọ mi ló…"

Ẹ̀rọ náà dákẹ́.

Abraham dìde nínú sùtánà funfun rẹ̀, ó tiro lọ sí iwájú lójú gbogbo ìjọ. Ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Wáyà kan ti bọ́. Ó fi èékánná kan èyí tó tẹ̀ lé e, òun náà ṣí, òjé rẹ̀ já bọ́ ní odindi, wáyà kò mu ún rárá. Ó kan ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Kò kan ìyókù mọ́. Joanna ń fi ẹnu lásán bá ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ròkè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi ara wọn léèrè ohun tó ń sọ. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀, ó dákẹ́. Bàbá ìjọ kan sọ jẹ́jẹ́ pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí wọ́n délé, Abraham ní òun kò lọ sí Ore mọ́. Joanna ń tú gèlè rẹ̀. Kò yíjú.

"Kò burú," ni ó wí. "Mo lè máa bọ́ yín. Ohun tí mi ò lè ṣe mọ́ ni kí n tún lọ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Ó ká gèlè náà pọ̀. Bí ó bá bú u ni, Abraham ì bá rí nǹkan dì mú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ mọ́tò lọ sí Ore. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà ti ṣáájú rẹ̀ dé, ó wà lórí tábìlì ní ìtúpalẹ̀. Ọlọ́runṣògo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Abraham dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, àwọn rédíò tí mo jó níbí ńkọ́? Ṣebí wọ́n ń sọ̀rọ̀."

Ọlọ́runṣògo wo ojú títì, níbi tí àwọn mọ́tò Bìní ti ń sáré kọjá.

"Mo máa ń tún wọn jó, bí ẹ bá ti lọ jẹun."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn ni."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Mo sọ. Mo fi ṣàwàdà fún yín, ẹ dijú mọ́rí. Ta ni mo jẹ́, Bàbá Jésùtọ́pẹ́, tí màá fi gbá yín lọ́wọ́?"

Abraham wá ìbínú rẹ̀ kàn, ó sì rí i. Ó tóbi, yóò gbé e délé láìsinmi. Ṣùgbọ́n kí ni yóò bá nílé? Ẹ̀yìn Joanna tí kò yíjú ni.

Ó wọlé, ó dúró níwájú tábìlì.

"Ẹ má pè mí ní Bàbá Jésùtọ́pẹ́ mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ le bí ẹni tó ń jà. "Ẹ pè mí ní orúkọ mi. Bí mo bá ṣe é tì, ẹ gbá mi lọ́wọ́."

Ọlọ́runṣògo nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó tún un nù.

"Abraham," ni ó wí níkẹyìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí nǹkan gbé. "Jókòó. Mú wáyà."

Kò sí ẹni tó ti pe orúkọ yẹn mọ́ ọn lórí lásán bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó jókòó. Ó mú wáyà, ó ha á mọ́, ó yọ irin nínú iná. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti tún kán òjé lé wáyà tútù.

Ọlọ́runṣògo gbá a lọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni Abraham wí, ó sì ti irin padà sínú ẹyín iná.