Ìpè tí Hajarat Kò Jẹ́
Nígbà tí Hajarat padà dé Houston lọ́dún 1986, ó ròyìn bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ṣe gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn yí Ìlú Ọba àti Ireland ká. Kò sọ pé àǹtí Làdíátù, àbúrò bàbá òun, tó ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Liverpool, pe òun lórúkọ, tí òun sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, àǹtí náà fóònù. Bàbá Hajarat ló gbé e.

"Àǹtí ẹ ní o jẹun yó lọ́dọ̀ àwọn. O ṣeun, ọmọ mi. Gbà, kí wọn."

Ojú ti Hajarat bó ṣe gba fóònù náà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ṣé o délé láyọ̀?" ni àǹtí bi í.