Omi Tó Ń Lọ Láìdágbére

Ọjọ́ Ajé ni ọmọ mi tú orí ẹ̀rọ omi inú balùwẹ̀ mi kúrò. Ó fi ẹ̀mú yí i lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó já sí i lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ sínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ láàárín wáyà. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ yá sí títú nǹkan. Kò wo ojú mi.

"Màmá, ẹ má bínú. Tí ẹ bá fẹ́ omi, ẹ pè wá, a ó bù ú wá fún yín."

"Bí ẹ bá wà níbi iṣẹ́ ńkọ́?"

"A ó ti bù ú kalẹ̀ kí a tó jáde."

Mo ní ó dáa. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bí i ló ń wọn omi fún mi.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni omi ń wá sí àdúgbò wa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé àti òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. A ń gbà á sínú táńkì ńlá tó wà lórí òrùlé, ibẹ̀ sì ni gbogbo ilé ti ń mu, tí a ti ń wẹ̀, tí a ti ń fọ̀. Tẹ́lẹ̀, omi àná ṣì máa ń wà nílẹ̀ kí tuntun tó dé bá a. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù kan, omi tí a bá gbà ní ọjọ́ Ajé, tó bá fi máa di ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹ̀rọ á wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tán.

Ta ni wọ́n máa mú? Èmi náà ni. Mo sì ti jẹ̀bi rí o, n kò ní purọ́. Ọjọ́ kan wà tí omi kò sí, mo ṣí ẹ̀rọ pé bóyá yóò wá, mo jókòó dè é, oorun gbé mi lọ. Ìgbà tí mo ń sùn lọ́wọ́ ni omi dé. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi máa fi wọlé, ẹnu ọ̀nà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ko omi. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀kán omi yòówù tó bá sọnù nínú ilé yìí, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wá a sí.

Bẹ́ẹ̀, èmi tí wọ́n ń wí yìí, alágbàfọ̀ ni mí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti ṣe é, ogójì aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì lójúmọ́, èmi àti ẹnìkejì mi kan tí a ń pè ní Ìyá Onísítáàṣì. Kànga kan ṣoṣo ló wà, àwa méjèèjì la sì ń fà á. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa omi kì í dà á nù. Omi tí a fi ṣan aṣọ tòní la fi ń rẹ tọ̀la. Èyí tó bá dọ̀tí jù, ilẹ̀ la fi ń fọ̀.

Kò tíì kúrò lára mi. Ife kan ni mo fi ń fọ ẹnu, n kì í ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa wò mí. Inú bàsíà ni mo ń dúró sí wẹ̀, ààbọ̀ garawa, omi ọṣẹ tó bá sì kù sínú bàsíà ni mo ń dà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì mi dípò kí n fa omi sí i. Bàsíà méjì ni mo fi ń fọ abọ́, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣàn. Omi tí mo bá fi ṣan ẹ̀fọ́, òdòdó ẹnu ọ̀nà ló ń mu ún. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó ọmọ mi, ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi ẹ̀fọ́ po tíì fún wa o." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà nílé.

Orí ẹ̀rọ mi wà nínú àpò irinṣẹ́, síbẹ̀ omi tún tán ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Mo rò pé ojú máa là wọ́n báyìí. Rárá o. Ìyàwó ní bóyá ti ilé ìdáná ni mo ń ṣí sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi wá jókòó sétí ibùsùn mi.

"Màmá, mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ẹ máa lọ gbé lọ́dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa gbé yín lọ."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin? Pẹ̀lú orúnkún mi yìí? Tí mo bá gun ibẹ̀, ìgbà wo ni mo tún máa sọ̀ kalẹ̀?"

"Ènìyàn máa ń wà nílé níbẹ̀, Màmá. Níbí, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ yín. Òní, omi ni. Tó bá di gáàsì lọ́la ńkọ́?"

Ó ti rẹ̀ mí. Mo kàn ní, "Mo ń gbọ́ omi nínú ilé yìí o. Tí gbogbo yín bá jáde, tí ilé pa rọ́rọ́, mo ń gbọ́ ọ lápá tọ́ílẹ́ẹ̀tì yín. Ó ń ṣe ṣììì, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn."

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, "Etí àgbà máa ń hó, Màmá. À ń rí i dáadáa níbi iṣẹ́. Kì í ṣe omi."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Tí wọ́n bá ń sọ fún ènìyàn lójoojúmọ́ pé kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́, ó máa dé ibì kan tí òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ń padà lọ wo ẹ̀rọ ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí n lè mọ̀ bóyá mo tì í.

Ọjọ́bọ̀ ni mo di ẹrù mi. Wọ́n ti jáde lọ síbi iṣẹ́, omi ti kún táńkì. Mo ń kó aṣọ funfun mi láti ìsàlẹ̀ àpótí ni ọwọ́ mi kan nǹkan líle kan nínú ọ̀rá. Mo tú u. Búlúù ni, ẹyọ mẹ́ta, èyí tí a fi ń ṣan aṣọ funfun kó lè tàn. Láti ìgbà iṣẹ́ ló ti wà níbẹ̀.

Mo jókòó tì í, ojú mi lọ sí ọjọ́ kan báyìí. Ìkòkò sìmẹ́ńtì ńlá mẹ́rin la fi ń ṣan aṣọ nílé ìwòsàn yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ń dín, àwa méjèèjì sì ń fura sí ara wa, oníkálùkù ń sọ pé ẹnìkejì òun ló ń jí omi òun bù. Ìyá Onísítáàṣì ló rún búlúù sí i. Ó ní, "Omi ò láwọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń purọ́. Ẹ fún un láwọ̀, á jẹ́wọ́." Nígbà tí a fi máa jẹun tán, ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri ti di búlúù.

Mo dìde. Mo mú ẹyọ kan, mo lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn. Ìdérí àpótí omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́ta, mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì rún búlúù sínú omi náà, mo dé e padà. Mo dojú garawa kan délẹ̀, mo jókòó lé e. N kò fa omi. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń wo inú àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, omi ibẹ̀ mọ́ gaara.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo rí i lára àwo funfun yẹn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú abẹ́rẹ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jẹ́ búlúù.

Mo ní, "Ìwọ nìyí."

N kò jó, n kò pariwo. Oorun ló kàn gbé mi níbẹ̀, mo fi orí ti ògiri.

Igbe ló jí mi.

"Yéè! Màmá! Màmá o!"

Ìyàwó ọmọ mi ti dé láti ibi iṣẹ́, aṣọ nọ́ọ̀sì funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú mọ́ àyà, ó ń wo èékánná mi, ó fi ìka méjì tẹ ọrùn mi, ó sì ń pariwo sórí fóònù: "Ẹ máa bọ̀ nílé kíá! Èékánná Màmá ti di búlúù! Atẹ́gùn ò dé ara wọn mọ́!"

"Atẹ́gùn wà," ni mo wí. "Ìwọ lo fún un pa mọ́ mi lọ́rùn."

"Ẹ má sọ̀rọ̀, Màmá! Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta."

"Ìyàwó mi, búlúù aṣọ ni. Wo àyà aṣọ rẹ."

Ó wò ó. Ìka mi márààrún wà lára aṣọ funfun náà. Ó jẹ́ kí fóònù sọ̀ kalẹ̀. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Kí lẹ wá ń fi búlúù ṣe nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì?" Ó rọra bi mí ni, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ó rò pé orí mi ti dàrú.

"Inú àpótí omi ni mo rún un sí. Wo inú àwo. Ta ló fa omi?"

"Kò sẹ́ni."

"Báwo ló ṣe dé ibẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ìdérí, ó wo inú àpótí, ó wo inú àwo, ó tún wo àpótí. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa mi. Àwa méjèèjì tẹ́tí sílẹ̀. Ṣììì.

"Mo ń gbọ́ ọ," ló wí.

Ọmọ mi sáré wọlé, òógùn bò ó, wáyà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí omi, ó yọ rọ́bà kan jáde tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó ti ya létí. Ibẹ̀ ni omi oṣù kan ń gbà lọ láìdágbére, tọ̀sántòru, tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọwọ́ mi.

Ó ti omi àpótí náà pa títí yóò fi ra rọ́bà tuntun. Lẹ́yìn náà ó lọ sí balùwẹ̀ mi, mo gbọ́ tó ń yí orí ẹ̀rọ padà sí àyè rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí wa."

"Ìbínú pàápàá, iṣẹ́ ni. Mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ẹrù mi létí ibùsùn.

"Ẹ ti di ẹrù?"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni?"

Ó dúró, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ tú u, Màmá. Ẹ ò lọ síbì kankan mọ́."

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i kó rí i. "Búlúù ò tíì bó lọ́wọ́ mi, aṣọ funfun ló sì wà níbẹ̀. Ìwọ tú u."

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ká wọn sínú àpótí. Kò mọ aṣọ ká rárá. Mo jókòó, mo jẹ́ kó máa ká a bẹ́ẹ̀.